Mọ́kàndínlógún Tó Wà Létí Ìwé

Ìwé ìdáhùn méjì ni olùkọ́ tẹ́ sórí tábìlì. Ó ṣí àwọn méjèèjì sí ìbéèrè karùn-ún, ó sì sún sẹ́yìn kí Màmá Kíláàsì lè ráyè wò wọ́n.

"Ẹ wò ó fúnra yín, mà," ó ní. "Ibi tí ẹ bá ti rí ìyàtọ̀, ẹ fi hàn mí."

Màmá Kíláàsì wọ awò ojú rẹ̀. Igi kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì, irú igi tí àwọn tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà máa ń yà, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, tí ewé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nọ́ńbà ló wà ní oríta kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá kéré á yà sọ́wọ́ òsì, èyí tó bá pọ̀ á yà sọ́tùn-ún. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó yà á ti fo nọ́ńbà kan, 19. Nígbà tó rántí, ó kọ ọ́ sí etí ìwé, ó sì fa ọfà gígùn láti ibẹ̀ lọ sábẹ́ 24, níbi tó yẹ kó wà. Nínú ìwé kejì, 19 wà létí ìwé. Ọfà wà níbẹ̀ náà, ó sì wọ́ lọ sábẹ́ 24 gẹ́lẹ́.

Ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Dákẹ́ ló ni ìwé àkọ́kọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òun ló mọ ẹ̀kọ́ yìí jù nínú wọn. Afínjú ló ni ìkejì, ọmọkùnrin tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í hunjọ, tó ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan náà lọ́dún tó kọjá. Tó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, òfin ẹ̀ka ni pé kó máa lọ. Ẹ̀kọ́ náà ni ti bí a ṣe ń to dátà àti àlígọ́rídímù, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti yanjú iṣẹ́, kò sì sí èyí tó ń dá àwọn ọmọ ọdún kejì dúró bíi tirẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Aago méjì ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ máa jókòó láti lé àwọn méjèèjì kúrò ní yunifásítì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Kíláàsì fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún bíi mélòó kan ìgbẹ̀yìn, inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀daràn ń sá sí, ó sì sú u láti máa dúró kí àwọn tó tó bí lọ́mọ máa túmọ̀ ẹjọ́ fún un. Bó ṣe gba ìwé ìfẹ̀yìntì lọ́dún kan, ló gba ìwé ìgbàwọlé lọ́dún kejì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò bínú sí i.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní kó wá wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sàn-án àná ni Dákẹ́ wá bá a ní ilé ìkàwé, ó jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tó yá ló ní wọ́n ti pe òun sí ìgbìmọ̀, pé wọ́n ní òun fún ẹnì kan ní ìdáhùn òun. Màmá Kíláàsì bi í léèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ó fún un. Dákẹ́ ní rárá, ó wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì fi nǹkan kan lé e. Àwọn tó ń pa irọ́ máa ń fi nǹkan lé e.

Màmá Kíláàsì lọ bá olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka mọ iṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀, ó sì gbà kó ṣe ìwádìí títí di aago méjì, pẹ̀lú àdéhùn kan: ìwé ìdáhùn tirẹ̀ náà wà nínú òkítì ìwé ìdánwò yẹn, nítorí náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkítì náà. Olùkọ́ ni yóò máa bá a gbé e.

Èrò olùkọ́ ni pé ìbéèrè ti jò síta. Ó ní Dákẹ́ jókòó níwájú lẹ́bàá fèrèsé, Afínjú wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti gba fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wọlé. Kò sí bí ọ̀kan ṣe lè rí ìwé èkejì. Nítorí náà, wọ́n ti rí ìbéèrè ṣáájú, wọ́n sì jọ múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ilé ni.

Màmá Kíláàsì fi ìka lé 19 inú ìwé kejì. "Ọ̀gá, ẹni tó bá ti ilé múra ìdáhùn sílẹ̀, ṣé á tún há ìgbàgbé sórí? Tí wọ́n bá jọ yà á nílé, wọ́n á ti rí i pé 19 ti fò. Á ti wọ àyè rẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé."

Olùkọ́ tún wo ìwé méjèèjì. Ó ní òun kò rò ó débẹ̀.

"Ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lẹ gbà," Màmá Kíláàsì ní. "Báwo lẹ ṣe rí i pé méjì bára mu?"

Olùkọ́ ní kò le rárá. Láti òkè òkítì lòun ti ń máàkì bọ̀. Òun ti máàkì mẹ́tàlélógún. Ìkẹrìnlélógún ni ti Afínjú, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Dákẹ́. Bí òun ṣe ka ọ̀kan tán tí òun ṣí èkejì, ọfà kan náà tún yọjú sí òun.

"Wọ́n tẹ̀ lé ara wọn?"

"Wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, mà."

Màmá Kíláàsì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì béèrè fún ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orúkọ sí tó bá ń jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀kọ́ ìtòlérí fi rú u lójú. Dákẹ́ ló gbà á sílẹ̀. Ọmọ náà kó ìwé mẹ́fà jọ lórí tábìlì, ó ń tò wọ́n léra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní kí Màmá mú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Màmá kò lè mú un láìkọ́kọ́ gbé márùn-ún tó wà lórí rẹ̀ kúrò. "Ìtòlérí nìyẹn," Dákẹ́ wí. "Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ." Òye rẹ̀ yé e lọ́jọ́ náà.

Òkítì ìwé ìdánwò, ìtòlérí ni. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí á kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì fi ìwé rẹ̀ lé orí àwọn tó ti wà lórí tábìlì. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ìwé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó kẹ́yìn ló wà lókè. Tí wọ́n bá ka orúkọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí wọ́n sì ń ṣí òkítì láti òkè wá sísàlẹ̀, ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn lọ ni.

Olùkọ́ ń ṣí i, Màmá Kíláàsì ń ka orúkọ. Ìkẹrìnlélọ́gọ́ta bá a mu. Ìkẹtàlélọ́gọ́ta bá a mu. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀ títí dé ìkejìlélógójì. Dákẹ́ ni ìkọkànlélógójì. Àmọ́ kí wọ́n tó kan ìwé Dákẹ́, ìwé Afínjú ló wà níbẹ̀.

"Níbo ni orúkọ Afínjú wà?" olùkọ́ béèrè.

"Ìkejìlá," Màmá Kíláàsì dáhùn. "Ó tètè jáde. Èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jáde lẹ́yìn rẹ̀ kí ìwé Dákẹ́ tó balẹ̀, tí òun alára bá wà nínú wọn. Báwo ni ìwé Afínjú ṣe wá gun orí tiẹ̀?"

Wọ́n yẹ ìyókù wò dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìkankan tó tún ṣí nípò, àfi pé láàárín ìkọkànlá àti ìkẹtàlá, kò sí nǹkan kan. Òkítì náà kò ṣubú, kò sì tú ká. Ẹnì kan ló wá yọ ìwé méjì jáde, tó mọ àyè ọ̀kan, tó gbàgbé àyè èkejì, tó wá ki àwọn méjèèjì sí ojú kan náà.

Olùkọ́ jókòó. Ó ní ṣé wọ́n kọ ọ́ lẹ́yìn ìdánwò ni. Màmá Kíláàsì ní ó jọ bẹ́ẹ̀, àti pé ohun tó kù ni kí àwọn mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti òkítì náà mọ́.

Ẹni méjì ló ní in: olùkọ́ fúnra rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ojú olùkọ́ le bó ṣe dárúkọ rẹ̀. Ó ní Ọ̀gá Kékeré àti Afínjú jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì máa ń jọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pè é. Ó wọlé, kò jókòó títí wọ́n fi ní kó jókòó, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ó ní lẹ́yìn ìdánwò lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti olùkọ́ ló jọ ti òkítì náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní aago méjìlá ààbọ̀. Láti aago kan sí mẹ́rin, òun wà ní láàbù pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kìíní, ogójì èèyàn ló rí òun níbẹ̀. Màmá Kíláàsì kò bi í nípa bọ́ọ̀lù. Ó fún un ní bébà funfun kan, ó ní kó bá òun ya igi ìbéèrè karùn-ún. Ọ̀gá Kékeré yà á kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, kò gbé ojú sókè. 19 wà lábẹ́ 24, kò sì sí ọfà kankan níbẹ̀.

"Kì í ṣe òun," Màmá Kíláàsì sọ fún olùkọ́. "Kí ló fẹ́ máa wo ìwé ẹlòmíràn fún? Tó bá tilẹ̀ wò ó, á ti fi 19 sí ibi tó yẹ. Ẹni tó mọ ohun tó ń yà kò ní ya ọfà tí ẹlòmíràn fi tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó kọ èyí ń ya àwòrán ni."

Ara Ọ̀gá Kékeré balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá wá bi í níbi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nígbà tó wà ní láàbù. Ó ní inú dúrọ́ọ̀ Àǹtí Akọ̀wé ni. Ó ní òun máa ń fi sílẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ náà wúwo lápò, tí kò sì sí ẹni tó gba ọ́fíìsì iwájú kọjá tí Àǹtí kò ní rí.

Àǹtí Akọ̀wé ti wà ní ẹ̀ka náà ṣáájú olùkọ́, ṣáájú olórí ẹ̀ka pàápàá. Òun ló mọ fáìlì tó wà ní ibi gbogbo. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Afínjú, pé ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí Àǹtí sì mú un sọ́dọ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ kankan.

Màmá Kíláàsì kò tíì lọ bá a. Afínjú ló kọ́kọ́ fẹ́ rí.

Wọ́n jókòó sí kíláàsì kan tó ṣófo. Afínjú wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní òun kò jí ìdáhùn ẹnikẹ́ni wò, òun sì ti sọ ọ́ fún wọn títí ó ti sú òun. Màmá bi í pé kí ló kọ sí ìbéèrè karùn-ún.

"Mi ò kọ nǹkan kan, Màmá. Kò yé mi, mo bá dìde. Ẹ rí i pé mo tètè jáde."

Kò sí ẹni tó tíì fi ìwé náà hàn án látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Kíláàsì ní kí olùkọ́ ṣí i fún un. Afínjú tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi ìka tọ 9 inú 19, èyí tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀ wọnú bí ìkọ́.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ògiri tó wà láàárín kíláàsì yẹn àti ọ́fíìsì iwájú, ó sì yára wo ilẹ̀. Màmá Kíláàsì rọra bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkọ nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde. Ó ní tó bá jẹ́ lílé ni, kí wọ́n lé òun, kí wọ́n fi Dákẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tó jáde, olùkọ́ ní ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Màmá Kíláàsì mi orí. Ó ní ẹni tó jẹ̀bi máa ń du ara rẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn lọmọ yìí ń du.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tó wọ ọ́fíìsì iwájú. Àǹtí Akọ̀wé ń to àwọn ìwé tí ìgbìmọ̀ máa lò. Ó bá a gbé àga, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Màmá dúpẹ́, ó sì ní kó jọ̀ọ́ bá òun kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀, torí òun gbàgbé bírò. Ó pè é fún un: mọ́kàndínlógún, mẹ́rìnlélógún, mọ́kàndínláàádọ́ta. Àǹtí kọ 19, ó kọ 24. Nígbà tó dé orí 9 inú nọ́ńbà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Èmi ni," ó ní.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Màmá Kíláàsì ti kọ́ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́.

Àǹtí ní kì í ṣe ohun tí òun pète. Ó ní òun kàn fẹ́ wo bí ọmọ náà ṣe ṣe é ni, torí láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò ti jẹun dáadáa. Òun ṣí ìwé rẹ̀, ojú ewé tó kẹ́yìn ṣófo. Ó ní òun wo ojú ewé tó ṣófo yẹn, ṣe ló dà bíi pé òun ń wo ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Dákẹ́ ló mọ̀ ọ́n jù, òun bá wá ti Dákẹ́ kàn. Òun fi rúlà sí ojú àyè tiẹ̀ kí òun má bàa ṣì í. Ó ní ti ọmọ òun ni òun gbàgbé láti fi nǹkan sí.

"Ọfà yẹn ńkọ́?" Màmá béèrè.

"Mo rò pé ó wà lára ìdáhùn." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Mo yà á bí mo ṣe rí i. Mo tilẹ̀ tún un yà lẹ́ẹ̀mejì kó lè tẹ̀ dáadáa."

Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n máa fà á mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti rí i, ojoojúmọ́ lòun ń dé ẹnu ọ̀nà olórí ẹ̀ka, tí òun ń padà. Màmá Kíláàsì sọ fún un pé òun lè bá a sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, tàbí kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ pé kó tó di aago méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Àǹtí dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé níwájú gíláàsì fèrèsé, ó sì kó àwọn ìwé ìgbìmọ̀ tó ti tò mọ́ra. Ó ní òun náà lòun máa gbé wọn wọlé, bí òun ṣe máa ń gbé wọn wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kò gba ogójì ìṣẹ́jú. Àǹtí sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, ó sì kọ̀ láti jókòó. Wọ́n dá Dákẹ́ láre, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí Màmá Kíláàsì kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n dá Afínjú náà láre. Wọ́n fagi lé ìbéèrè karùn-ún rẹ̀, wọ́n ní kí olùkọ́ máàkì mẹ́rin tó ṣe fúnra rẹ̀. Ní ti Àǹtí, ọjọ́ yẹn ló ṣe iṣẹ́ mọ ní ẹ̀ka náà.

Dákẹ́ ka ìwé tí wọ́n fún un, ó tún un kà, ó ká a sínú báàgì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá wọ́n máa lé Àǹtí. Màmá ní wọ́n ti lé e. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́.

Olùkọ́ máàkì ìwé Afínjú lójú Afínjú àti Màmá Kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún sọ nǹkan kan. Ó rò ó pọ̀, ó tún un rò. Ogójì ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Afínjú ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, láìka ìbéèrè karùn-ún.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn. Ó wá yíjú sí Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí gbọ́."

Màmá Kíláàsì kò ṣèlérí. Nígbà tó dé ọ́fíìsì iwájú, Àǹtí ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí: ife tíì, aṣọ òtútù kan, fọ́tò ọmọ kékeré kan tó wọ aṣọ ilé ìwé. Kò gbé ojú sókè. Ó béèrè bóyá wọ́n ti máàkì í tán.

"Wọ́n ti máàkì í. Ó yege."

"Ṣé wọ́n fi ìbéèrè karùn-ún yẹn sílẹ̀ fún un?"

Màmá Kíláàsì lè parọ́ fún un. Ó ronú sí i níbi tó dúró sí. "Wọ́n fagi lé e," ó ní. "Èyí tó ṣe fúnra rẹ̀ ló fi yege."

Ọwọ́ Àǹtí dúró nínú páálí. Ó wá jókòó sórí àga rẹ̀, àga tó ti ń jókòó lé fún ọdún méjìdínlógún, ó gbé fọ́tò ọmọ náà lé itan, ó sì ń bi Màmá Kíláàsì pé mélòó, pé kó sọ iye rẹ̀ gan-an fún òun. Nígbà tí Màmá sọ ọ́ fún un, ó ní kó tún un sọ.